Ayálégbé Márùn-ún

Òjò Chiloé kì í bèèrè ẹni tó ń bọ̀ kó tó rọ̀.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù,
Bahamonde á fi ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ gbé mi sọdá,
àpò oògùn lórí itan mi
bí ọmọ tí a kò tíì já lẹ́nu ọmú.

Edelmira Huenteo ti ko igi sínú ààrò onírin.
Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú mi:
"Nọ́ọ̀sì, wò wọ́n.
Àwọn ayálégbé mi tún jà mọ́jú."

Márùn-ún ni wọ́n nínú ara obìnrin yìí,
kò sí èyí tó ń san owó ilé.
Àtọ̀gbẹ ló kọ́kọ́ dé, lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ bá omi lọ;
ó ní òun ò ní pẹ́.
Ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ̀lé e wọlé, kò kan ilẹ̀kùn.
Làkúrègbé gba orúnkún.
Àárẹ̀ ọkàn gba yàrá àárín, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lóru.
Àrùn kíndìnrín wà lẹ́yìnkùlé, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀:
òun ni mo ń bẹ̀rù jù.

Dókítà mẹ́rin ló ń tọ́jú wọn ní ìlú Castro,
kálukú sì mọ ayálégbé tirẹ̀ dunjú.
Ti ọkàn ní: ẹ fa omi kúrò lára rẹ̀.
Ti kíndìnrín ní: ta ló ní kí ẹ gbẹ ẹ́ tó báyìí?
Ti orúnkún fún un ní hóró pupa kan;
ti kíndìnrín rí i, ó káwọ́ lérí.
Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.
Bí àwọn ọwọ́ náà kò bá mọra wọn ńkọ́,
àyà ta ni wọ́n ń lù?
Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn.
Kò sì sẹ́ni tó bèèrè onílé.

Mo da hóró mẹ́tàdínlógún sórí tábìlì.
Ó dìde, ó gbé agolo kòkó kan wá:
hóró olómi ni, ó tó ogún, kò gbé ọ̀kan mì.
"Ti ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Ilé ìtọ̀ jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì,
wọ́n sì ń ka orúkọ àwọn tí òkun gbé.
Celindo ló gbẹ̀yìn.
Mi ò fẹ́ wà níta nígbà tí wọ́n bá pè é."

Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé mi pé: aláìgbọràn.
Mo fi bírò fa ọ̀rọ̀ náà já,
ó kù díẹ̀ kí ìwé ya.

Ẹ̀bá itẹ́ òkú lórí òkè nìkan ni fóònù ti ń gbọ́.
Mo pe dókítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mò ń pariwo mọ́ afẹ́fẹ́:
kó lo olómi lẹ́yìn ìsìn;
hóró pupa, ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.
Ọ̀kan ní kí n dúró ná.
Mo dúró. Òjò kò dúró.

Kí n tó lọ, mo ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i,
mẹ́wàá ṣì pé.
Ó di ọ̀dùnkún sínú àpò fún mi,
ọ̀dùnkún tí èmi fúnra mi ní kó má jẹ mọ́,
ó ní, "Bá mi jẹ ẹ́.
Kí o sì wá sọ bó ṣe dùn tó."