Fáàfù

Ní Àpó, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń to bọ́dì ọkọ̀ tó ti kú sí,
a kì í sọ pé ọkọ̀ bàjẹ́.
A ní ó ń mísì. A ní ó ti nọ́ọ̀kì.
A ní ó ń mu ọ́ìlì bí ọkùnrin tí ìyàwó kọ̀ sílẹ̀.

Bí kọsitọ́mà bá dúró tì wá, tó na etí,
Ọ̀gá Àjàgbé á wò mí, á ní:
"Gbàdéró, wo ojú ọjọ́."
Ìyẹn ni pé kí n wo bàtà onítọ̀hún.
Bí bàtà bá ń dán, màá ní òjò ń bọ̀,
owó iṣẹ́ á sì gòkè díẹ̀.
Bó bá jẹ́ sálúbàtà, màá ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni, Ọ̀gá,
a ó sì bá a ṣe é ní iye tí pulọ́ọ̀gì jẹ́.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ èdè yìí
kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì.
Ṣùáíbù onírìwáyà kọ́ mi ní ti Haúsá inú rẹ̀,
Ọ̀gá kọ́ mi ní ti Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Ọ̀gá wú, tí kò lè wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́,
a gbé e lọ sí Gwagwaládà.
Àwọn dókítà yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká,
wọ́n ń ju ọ̀rọ̀ síra wọn
bí àwa náà ṣe máa ń ṣe lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta. Nọ́ńbà lórí nọ́ńbà.
Mo rí i tí ojú èyí tó dàgbà jù nínú wọn
sọ̀ kalẹ̀, tó wo ẹsẹ̀ mi.
Sálúbàtà ni. Mo kó o sábẹ́ àga.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ọ̀gá gbọ́ níbẹ̀.
"Fáàfù," ó ní. "Mo gbọ́ fáàfù.
Ṣé ó ń jò ni, àbí kò padé dáadáa?"
Bírò dókítà dúró lórí ìwé.
"Ó ń jò, Bàbá."
"Èyí tó ń gba atẹ́gùn wọlé, àbí èyí tó ń tú èéfín?"
Nọ́ọ̀sì Ládì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.
Dókítà fa àga, ó jókòó,
ó ya ọkàn sẹ́yìn ìwé láàbù,
yàrá mẹ́rin, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé.
Ọ̀gá gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ya ọ̀nà àbájáde.

"Ṣé a rí tòkunbọ̀ rẹ̀ rà?"
"Tuntun ni wọ́n máa ń fi sí i, Bàbá."
"Èló?"
Dókítà sọ iye rẹ̀.

Ọ̀gá kò dá a lóhùn. Ó kọjú sí mi.
"Gbàdéró, wo ojú ọjọ́."
Mo wo bàtà dókítà. Awọ dúdú, ó ti jẹ ní gìgísẹ̀,
okùn ọ̀kan ti já, ó ta á ní kókó.
Mi ò mọ ohun tí mo lè pè é.
Mo ní, "Ọyẹ́ ni, Ọ̀gá. Mi ò rí ọ̀nà."
Ó mirí.
"Jẹ́ kó ṣì wà lórí sílóò. Má tíì yọ kọ́kọ́rọ́."

Lálẹ́, nígbà tó sùn, mo gbé etí sún mọ́ àyà rẹ̀
bó ṣe kọ́ mi láti máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì.
Ó lù lẹ́ẹ̀mẹta, ó mísì.
Ó lù lẹ́ẹ̀mẹta.