Ìgò Murdo

Oṣù mẹ́jọ rèé tí Merepeka ti ń wọ odò yìí,
bàtà rọ́bà dé itan,
òtútù gúúsù Niu Silandi ń wọ̀ ọ́ dé eegun.
Ó bu omi sínú ọ̀pá gíláàsì,
ó ń wo ibi tí àmì dúdú ti pòórá:
ogójì sẹ̀ǹtímítà. Lóṣù tó kọjá, àádọ́ta.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni.

Murdo a máa dúró nídìí wáyà,
kì í kí i.
Màlúù rẹ̀ ń jẹko lọ,
ìtọ̀ wọn ń bá òjò wọlẹ̀.

Lónìí ó fo wáyà kọjá,
ó na ìgò sí i, omi kànga ilé rẹ̀:
“Ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.
Bá mi wò ó.”

Omi náà mọ́ gaara.
Ohun tó ń wá kì í hàn sójú.