Ilé Tó Ń Làágùn

Nígbà tí àwọn ọlọ́nà kó ẹrù wọn kúrò ní Ìjòrà,
Sùrájù ra ilé onítáyà kan lọ́wọ́ wọn:
táyà mẹ́rin, méjì ti jò,
fèrèsé márùn-ún, ilẹ̀kùn kan tó ń ké bí ọmọ ológbò.
Wọ́n wọ́ ọ wá sí Ìwáyà lóru,
sẹ́yìn ọgbà àwọn tó ń la pákó,
níbi tí ọ̀sà ti ń fẹnu lá ilẹ̀.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Onílé kankan ò lè lé wa mọ́.
Bó bá lé wa, a ó wọ́ ilé wa dání."

Inú ẹ̀ẹ̀rùn la kó wọbẹ̀. Kò sí wàhálà.

Òjò Òkúdù dé.
Ògiri ẹ̀yìn ibùsùn yọ àmì kan, dúdú bí ìdí ìkòkò.
Mo fi kànìnkànìn bó o, ó lọ.
Lọ́jọ́ kẹta ó padà, ó kó ẹbí rẹ̀ dání.
Bàtà ilé-ìwé Tìámíyù hu irun funfun.
Nínú àpótí, fọ́tò ìyá mi,
èyí tó yà lórí àga ní Ọ́fíìn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi,
ti bu láti ojú òsì, ó ń bọ̀ lẹ́nu.
Ikọ́ Rafátù ń bá àkùkọ díje láàárọ̀.

A bú òjò. A bú ọ̀sà.
Sùrájù gun òrùlé, ó fi gọ́ọ̀mù dúdú dí ojú ìṣó gbogbo.
Èmi fi ọ̀rá dí fèrèsé márààrún,
mo ki àkísà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn.
Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́.
Ti wa panu dé bí ẹni tó jẹ gbèsè.
Síbẹ̀ ilẹ̀ mọ́, àjà ń kán.
Òjò ò sì rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn.

Bàbá Ọdúntán ló wá wò ó,
ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kan pákó ọkọ̀ ojú irin ní Èbúté Mẹ́ta.
Kò gun òrùlé rárá.
Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri
bí ìgbà tí èèyàn ń wo ara ọmọ tí ibà mú.
Ó gbé etí tìmùtìmù sókè, ó gbóòórùn abẹ́ rẹ̀, ó sín.
"Ẹ̀yin mélòó lẹ ń sùn níbí?"
"Mẹ́rin, bàbá."
"Níbo lẹ ti ń dáná?"
Mo tọ́ka sí sítóòfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.
"Bí òjò bá ń rọ̀, ibo lẹ ń sá aṣọ sí?"
Mo gbójú sókè. Yẹ̀rì Rafátù ń kán sí mi níwájú orí.

"Èémí yín lẹ ń pè lójò," bàbá wí.
"Irin kì í mu omi bí ògiri amọ̀.
Ohun tí ẹ bá mí lé e lára, á dá a padà fún yín."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló ń gbé.

Mo fa ọ̀rá ya. Mo na nẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé,
kí ẹ̀fọn dúró síta, kí atẹ́gùn máa wọlé.
Sítóòfù di ará ìta, lábẹ́ páànù méjì.
Sùrájù to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ tìmùtìmù,
ó fa ibùsùn kúrò lára ògiri, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan.
A fi Jíìkì fọ ojú dúdú náà títí omijé fi bọ́ lójú wa.
Agbada èédú wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù báyìí, ó ń mu ọ̀rinrin;
bí oòrùn bá yọ, mo máa ń sá a bí ẹni ń sá ata.
Àwọn aládùúgbò ń wò mí. Kí wọ́n máa wò.

Ojú òsì ìyá mi kò padà.
Mo fi aṣọ gbígbẹ nu èyí tó kù,
mo gbé e kọ́ sítòsí fèrèsé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bá a sọ̀rọ̀.

Lánàá, òjò bẹ̀rẹ̀ lóru.
Sùrájù dìde láti pa fèrèsé dé.
Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú nínú òkùnkùn:
"Fi ìka méjì sílẹ̀."
Mo ń gbọ́ èémí Rafátù, kò há, kò hun,
ó ń gba àlàfo náà jáde,
ó ń lọ bá ọ̀sà.