Òjé Àwọ̀n

Ní Ẹ̀pẹ́, ní ọ̀sán tí ọ̀sà ò fún ẹnikẹ́ni lẹ́ja,
Kàsúmù ń so òjé mọ́ etí àwọ̀n,
ó ń sinmi lẹ́yìn òjé kọ̀ọ̀kan
bí ẹni tó gun Òkè Balógun.
"Tún un sọ fún mi," ó ní,
"ohun tí dókítà rí nínú ẹ̀jẹ̀ mi."

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà nínú ara,
lẹ́tà méjìlélógún péré,
kò gùn ju orúkọ yín àti ti bàbá yín lọ.
Kì í kọ́ egungun, kì í mọ ẹran.
Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fọwọ́ bo ẹnu àṣẹ tó ń pariwo jù.
Wọn ò sọ ọ́ lórúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n fún un:
mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àti èkejì rẹ̀, mẹ́rìndínlógún.
Àwọn méjèèjì ló sọnù lára yín.
Ẹ̀jẹ̀ funfun tó yẹ kó kú lánàá
ò gbọ́ "ó tó" lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.
Ó jókòó. Ó ń bímọ. Kò kú.

Ó wo òjé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò ju hóró àgbàdo lọ.
"Kí wọ́n dá a padà fún mi nígbà náà."

Wọn ò tíì mọ ọ̀nà rẹ̀ dáadáa.
Ẹ̀jẹ̀ a máa fà á ya kó tó débi tó ń lọ.
Ṣùgbọ́n hóró oògùn kan wà
tó ń di aláriwo náà lẹ́nu.
Ó wọ́n. Ó fẹ́ẹ̀ tó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín.

Atẹ́gùn ń gbé etí àwọ̀n tí kò tíì lójé.
"Ẹ́ńjìnnì," ó ní, "ta ló fẹ́ rà á?"
Ó sì mú òjé mìíràn.