Ẹnì Kẹwàá

Ní Trakai, òwúrọ̀ a máa mú bí abẹ tuntun.
Adágún Galvė á fi kùrukùru bora dé ọrùn,
ilé olódi àárín omi á yọ orí díẹ̀, á tún sùn.
Aago márùn-ún ààbọ̀ kò tíì lù
tí Danguolė ti dúró lẹ́nu ilé ọkọ̀,
fìlà irun àgùntàn lórí, kò sí fèrè lọ́rùn rẹ̀.
Fèrè, ó ní, ajá la fi ń pè.
Orúkọ ló fi ń pè wá, lọ́kọ̀ọ̀kan,
á bèèrè ìyá Vaiva tó wà lọ́sibítù ní Kaunas
kó tó bèèrè iye ìṣẹ́jú àáyá tí Vaiva lò lánàá.

Ẹni mẹ́jọ ló ń wa ọkọ̀. Ẹnì kẹsàn-án ń darí.
Èmi ni ìkẹwàá,
abẹ́rẹ́ inú àpò:
àdúrà gbogbo ilé ni pé kí aṣọ má ya.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ yìí, ẹ̀yìn ló kọ sí ibi tó ń lọ;
ibi tó ti kúrò nìkan lojú rẹ̀ ń rí.
Ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀.
Òógùn ẹ̀yìn ọrùn ẹni iwájú rẹ ni.
Bó o bá fa àjẹ̀ ṣáájú rẹ̀,
ọkọ̀ á mọ̀, omi á mọ̀.

Skirmantė lágbára ju gbogbo wa lọ.
Ẹ̀rọ ìdánwò mọ̀ ọ́n, ìwé ìròyìn mọ̀ ọ́n.
Ṣùgbọ́n bí a bá ti fẹ́ gbé ọkọ̀ wọlé,
ìgbà náà ni okùn bàtà Skirmantė máa ń tú.
Ọjọ́ kan. Ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kẹta.
Danguolė kò pariwo, kò pe ìpàdé.
Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti èjìká rẹ̀ bọ abẹ́ ọkọ̀,
èjìká tí dókítà ti là lẹ́ẹ̀mejì,
ní àyè Skirmantė gan-an. Kò wo ẹnì kankan.
Okùn bàtà náà kò tú mọ́.

Òun náà ṣàṣìṣe, lọ́dún kan, ní Lucerne.
Afẹ́fẹ́ yí padà; ọgbọ́n rẹ̀ kò yí. A gbẹ̀yìn.
Àwọn oníròyìn na ẹ̀rọ sí i lẹ́nu.
"Èmi ni mo pàdánù. Bí mo ṣe ní kí wọ́n wà á ni wọ́n ṣe wà á."
Lálẹ́ ó tún un sọ fún wa, láìsí ẹ̀rọ, láìsí oníròyìn.
Mo ti gbọ́ kí ọ̀gá tọrọ ìdáríjì níta rí;
ti inú yàrá ni mi ò gbọ́ rí.

Ọjọ́ àṣekágbá dé ní Poznań. Òjò ń rọ̀.
Wọ́n bọ́ bàtà sórí afárá pákó, wọ́n wọ ọkọ̀,
ó wá ku bàtà méjìdínlógún nínú òjò,
ẹnu wọn là sókè bí ọmọ ẹyẹ.
Mo fẹ́ sunkún. Ta ni ìbá bi mí?
Danguolė bẹ̀rẹ̀, ó kó apá kan, ó ní kí n kó ìyókù.
"Mingailė, kí ẹsẹ̀ wọn má bá òtútù."
A gbá wọn mọ́ àyà lábẹ́ ẹ̀wù òjò,
a gbọ́ ariwo lókèèrè, a kò rí òpin eré náà.
Mẹ́sàn-án ni àmì ẹ̀yẹ góòlù.
Kò kan èmi, kò kan òun.

Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí, létí odò kékeré kan.
Wọ́n máa ń bi mí pé kí ni Danguolė kọ́ mi.
Mo máa ń fẹ́ sọ nípa èémí, nípa bí a ṣe ń ti àjẹ̀ bọmi.
Skirmantė ló máa ń wá sí mi lọ́kàn:
bó ṣe ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, tó dúró jẹ́ẹ́,
tó wò mí, tó ní,
"Ó gbóná."