Ogójì Wákàtí Ni Odidi Kan

Fọ́ọ̀mù náà ti Lọ́kọ́ja dé lọ́jọ́ Ẹtì, ojú ìwé mẹ́rin.
Ó ní kí n to àwọn agbanisíṣẹ́ ìbílẹ̀ wa
láti orí ẹni tó tóbi jù dé orí ẹni tó kéré jù,
kí n má sì ka orí. Wákàtí ni kí n kà.
Ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ ni odidi òṣìṣẹ́ kan.
Ẹni tó bá ṣe ogún, àbọ̀ ènìyàn ni.

Mo gun ọ̀kadà kúrò ní Ìsánlú, mo yà ní Èjùkù,
ìwé lábíyá, bírò létí.
"Ọ̀kun o." "Ọ̀kun." "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbí?"
Obìnrin tó ni ilé búrẹ́dì wò mí bí ẹni ń wo agbowó-orí,
ó ní òun nìkan ni.
Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ méje ń po ìyẹ̀fun, ìpéǹpéjú wọn funfun.
Mo kọ ọ̀kan. Mo pa á rẹ́. Mo kọ mẹ́ta àbọ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, fọ́má lu àyà, ó ní ogóje ni àwọn.
Mo ka bàtà rọ́bà tó wà lẹ́nu ọ̀nà:
ọgbọ̀n òsì, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ọ̀tún.

Lásìkò kaṣú, ilé ìkẹ́rù Medubi a máa gba igba obìnrin
fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo pín wọn sórí ọdún,
igba obìnrin di mẹ́tàlélógún.
Mi ò mọ ibi tí ìṣirò kó àwọn ìyókù lọ.
Mo rí wọn lọ́jà, oje kaṣú ṣì dúdú lọ́wọ́ wọn.

Bàbá Jẹ́mirìn tó ń ṣọ́ ilé ìwé girama kì í lọ sílé.
Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jí.
Ọgọ́rin wákàtí, ó tún lé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ènìyàn méjì.
Nígbà tí mo sọ fún un, ó fi eyín mẹ́ta rẹ́rìn-ín.
"Owó oṣù ẹnì kejì ńkọ́?"

Ìyá Ìbídùn ń gbálẹ̀ báńkì kí ilẹ̀ tó mọ́,
ó ń nu ilé ìwòsàn ìjọ lọ́sàn-án,
ó ń fọ ilé ìyàgbẹ́ wa nírọ̀lẹ́.
Ó fọ́n ká sórí ìlà mẹ́ta nínú ìwé mi:
ìdámẹ́rin, ìdajì, ìdámẹ́rin.
Mo rò ó pọ̀ kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ó pé ọ̀kan.
Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá kankan tó máa sọ pé, tiwa ni.

Ta ló wá gba ipò kìíní? Àwa náà ni.
Sẹkitéríàtì ìbílẹ̀, ẹgbẹ̀rin ó lé mẹ́tàdínlógún,
gbogbo wọn odidi, kò sí àbọ̀ kan.
Mò ń ka orúkọ lọ, mo bá Metibọ́ba lójú ìwé kọkànlá.
Èmi ni mo gbé ibi ẹsẹ̀ pósí rẹ̀ ní Mópà ní èṣí,
tí òjò ń pa wá.
Aago mẹ́jọ géérégé ló ṣì ń buwọ́ lùwé láràárọ̀.
Òkú tó ń ṣe ogójì wákàtí!
Ọ̀gá ní kí n fi í síbẹ̀,
pé bí mo bá ń yọ irú wọn, ilé ìwòsàn á gbapò mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìyá mi bi mí lálẹ́ pé ipò kelòó ni oko bàbá mi wà.
Mo ní ẹni tó ń gba owó nìkan ni wọ́n ń kà.
Ó bu iṣu sí àwo mi, kò dáhùn.

Ó ku èmi. Wákàtí: ogójì.
Láti oṣù Ẹrẹ́nà, àbọ̀ owó ni mò ń gbà,
ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ò bi mí níyẹn.
Mo kọ ọ̀kan.
Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́.