Téṣàn Tó Kọ Ẹ̀yìn sí Irin

Ní Bránìkì, ní Saskáṣíwàn, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ
débi pé o lè rí òjò ọ̀la kí o tó jẹun alẹ́ òní,
téṣàn rélùwéè kan wà tó kọ ẹ̀yìn sí irin.
Mo bi Olha, ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú:
“Ta ló kọ́lé báyìí?”
Ó ní, “Wọn ò kọ́ ọ báyìí. Ó rìn ni.”

Irin ló kọ́kọ́ dé, ìlú tẹ̀ lé e.
Ọkùnrin kan tí kò débẹ̀ rí fi rúlà fàlà lórí máàpù,
ní máìlì mẹ́jọ mẹ́jọ ó to kan,
ó ní kí ìlú wà. Ìlú sì wà.
Àwọn Kríì tó ni ilẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Metro Hrynkiw, bàbá Olha, gbálẹ̀ téṣàn fọ́dún mẹ́wàá
kí wọ́n tó fún un ní fìlà ọ̀gá.
Ó dé fìlà tán, ó ṣì ń gbálẹ̀.
Òun ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló ń tẹ wáyà:
ìbí, ikú, iye tí wọ́n ń ra àlìkámà ní Wínípẹ̀gì,
orí ìka rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wọ̀lú.
Bó bá jáde lọ́sàn-án gangan, láìkì í ṣe àsìkò ọkọ̀,
àwọn obìnrin á wo ojú rẹ̀
kí wọ́n tó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀.
Nígbà ogun, ọmọkùnrin mẹ́rìndínlógún ló wọkọ̀ níbẹ̀.
Mẹ́sàn-án ló padà fẹsẹ̀ ara wọn sọ̀ kalẹ̀.

Fàkàfíkì, fàkàfíkì: ohùn yẹn kò ṣàjèjì sí mi.
Ọmọ Ọ̀fà ni mí, owó rélùwéè ni bàbá bàbá mi fi kọ́lé.
Ṣùgbọ́n ẹni tí mo wá kàn nínú ìwé Metro ni Lemuel Tynes,
aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, tó ń tẹ́ ibùsùn fún èrò ọkọ̀ òru.
Jọ́ọ̀jì ni àwọn èrò ń pè é. Jọ́ọ̀jì ni wọ́n ń pe gbogbo wọn.
Metro kọ ọ́ bó ṣe jẹ́, pẹ̀lú yíǹkì dúdú:
*L. Tynes. Ọsàn mẹ́ta, fún ọmọ mi.*
Òtútù ọjọ́ náà tó pa màlúù. Olha ò gbàgbé òórùn èèpo náà.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ èrò kẹ́yìn dé, kò sẹ́ni tó ń lọ ibì kan.
Metro ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ ara rẹ̀,
ó ka ṣéńjì fún ara rẹ̀,
ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó di téṣàn kejì.
Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ lọ.
Ìgbà náà ni wọ́n rántí pé kò sí èyí tí yóò gbé wọn padà.
Máìlì mẹ́jọ! Bàbá ń ka pákó abẹ́ irin bí wọ́n ti ń rìn;
nígbà tó kà á dé ẹgbẹ̀rún méjì, ó ní ó tó.

Lẹ́yìn náà, Thorvald Myhre ra téṣàn náà ní dọ́là márùndínlógójì,
ó wọ́ ọ lọ sóko, ó fi ṣe ilé adìyẹ.
Adìyẹ ń yé sídìí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì
lọ́gbọ̀n ọdún, kí ojú tó ti ìlú.
Wọ́n gbé e padà lórí tírélà. Òjò ń rọ̀, ó ti rẹ dírẹ́bà,
ó sọ ọ́ kalẹ̀, ojú rẹ̀ sí báńkì.
Wọ́n ní àwọn á yí i lọ́la.
Ọ̀la yẹn ò tíì mọ́.

Ọkọ̀ ẹrù ṣì ń kọjá, kì í dúró.
Lánàá, mo ti kẹ̀kẹ́ Olha dé ẹ̀yìn ilé náà;
ilẹ̀ gbọ̀n, àádóje wágọ̀nù kọjá.
Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.
“Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́,” ló wí. “Kọ ọ́ sílẹ̀.”
Mo kọ ọ́.